Ẹ̀kọ́ Tiọ́lọ́jì fún Ọmọ Ìjọ: Ta Ni Yóò Gbé Ẹrù Rẹ̀?

Bí a bá ti dárúkọ ẹ̀kọ́ tiọ́lọ́jì, ọ̀dọ́mọkùnrin tí ń lọ sí sẹ́mínárì láti di àlùfáà ni ó máa ń wá sí ọkàn wa. Bẹ́ẹ̀ sì ni iṣẹ́ Ìjọ kò pin sí ọwọ́ àlùfáà. Ní Ilémọnà, olú ìlú Ìjọba Ìbílẹ̀ Ọ̀yún, àti ní àwọn ìlú kéékèèké tí ó yí Ọ̀fà ká, bí Fadá kan bá ń bójú tó ìjọ mélòó kan papọ̀, katikíìsì ni yóò darí àdúrà ní ọjọ́ Àìkú tí kò bá sí Misa. Òun ni yóò kọ́ àwọn tí ń múra fún ìrìbọmi, òun náà ni a ó sì kọ́kọ́ ránṣẹ́ pè sí ibùsùn aláìsàn. Ẹ̀kọ́ wo ni a ń fún irú ẹni bẹ́ẹ̀? Ta ni ó sì yẹ kí ó gbé ẹrù ẹ̀kọ́ náà?

Iṣẹ́ yìí kì í ṣe tuntun ní ilẹ̀ Yorùbá. Nígbà tí Fadá Francesco Borghero ti ẹgbẹ́ S.M.A. dé Èkó ní 1863, ó bá àwọn Kátólíìkì tí ó ti oko ẹrú padà dé láti Brazil níbẹ̀. Ẹni tí ń ṣáájú wọn nínú àdúrà ni Pa Antonio, ẹni tí ó ti jẹ́ ẹrú rí, tí kì í sì í ṣe àlùfáà. Ó di 1868 kí Fadá Pierre Bouche tó wá fìdí kalẹ̀ sí Èkó. Ọmọ ìjọ ni ó pa iná ìgbàgbọ́ náà mọ́ kí ó má baà kú.

Àwọn kan lè wí pé bí Pa Antonio bá ṣe é láìsí dìpúlómà, kí ni a tún ń wá? Èsì wa ni pé ayé ti yí padà. Ọmọ tí ń kàwé ní Pólì Ọ̀fà lónìí yóò bi katikíìsì ní ìbéèrè tí ó ti kà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ní agbègbè wa pẹ̀lú, Mùsùlùmí àti Kristẹni ń gbé agboolé kan náà. Bí ẹ̀gbọ́n tí ó jẹ́ Mùsùlùmí bá bi àbúrò rẹ̀ bí Ọlọ́run kan ṣe jẹ́ Mẹ́talọ́kan, àlàyé pẹ̀lú ìrẹ̀lẹ̀ ni ó ń fẹ́, kì í ṣe ìjà. Ẹni tí kò kẹ́kọ̀ọ́ ni ó máa ń yára bínú.

Ẹ jẹ́ kí a tún wo ìrìbọmi. Nígbà tí ikú bá ń halẹ̀ mọ́ ènìyàn, ẹnikẹ́ni tí ó ní èrò títọ́ lè ṣe é. Ṣùgbọ́n ní oṣù kẹjọ 2020, Róòmù kéde pé ìrìbọmi tí a bá fi “a” dípò “mo” ṣe kò múlẹ̀ rárá. Àlùfáà kan ní Detroit, ní Amẹ́ríkà, rí i báyìí pé ìrìbọmi òun ti 1990 kò múlẹ̀. A ní láti ṣe ìrìbọmi fún un, kí a sì tún fi í joyè àlùfáà. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ó fa gbogbo èyí.

Òfin Ìjọ ti 1983 kò fi ọ̀rọ̀ yìí sínú òkùnkùn. Kánọ́nì 229 fún ọmọ ìjọ ní ẹ̀tọ́ láti kẹ́kọ̀ọ́ tiọ́lọ́jì, àní títí dé ilé ẹ̀kọ́ gíga. Kánọ́nì 231 sọ pé ẹni tí ó fi ara rẹ̀ fún iṣẹ́ Ìjọ gbọ́dọ̀ gba ẹ̀kọ́ tí ó yẹ, ó sì ní ẹ̀tọ́ sí owó tí yóò fi bọ́ ara rẹ̀ àti ìdílé rẹ̀. Ní ọjọ́ 10 oṣù karùn-ún 2021, Póòpù Francis sọ iṣẹ́ katikíìsì di iṣẹ́ tí bíṣọ́ọ̀bù yóò máa fi ènìyàn jẹ, lọ́kùnrin àti lóbìnrin.

Síbẹ̀, ìwé ẹ̀rí kì í ṣe oyè. Ẹni tí ó gba dìpúlómà kò di alábàádíje Fadá. Ìwàásù inú Misa ṣì jẹ́ ti àlùfáà àti díákónì. Bíṣọ́ọ̀bù ni ó ń rán ni níṣẹ́.

Ibi tí bàtà ti ń ta wá lẹ́sẹ̀ ni pé àwọn ilé ẹ̀kọ́ gíga wọ̀nyí jìnnà. Port Harcourt ni Catholic Institute of West Africa, tí a dá sílẹ̀ ní 1981, wà. Ti àwọn Dominican wà ní Ìbàdàn. Báwo ni àgbẹ̀ Ilémọnà tàbí ìyá tí ń tajà ní ọjà Ọ̀fà yóò ṣe fi oko àti ọmọ sílẹ̀ lọ síbẹ̀?

Èrò wa ni pé kí ẹ̀kọ́ wá bá akẹ́kọ̀ọ́. Kí àwọn páríìṣì tí ó wà nítòsí ara wọn pawọ́ pọ̀, kí olùkọ́ máa wá ní ọjọ́ Sátidé, kí a sì fi èdè Yorùbá kọ́ni, nítorí èdè yẹn ni a ó fi ṣàlàyé fún aláìsàn àti ọmọdé. Bí a ti ń dá owó fún àwọn ọmọ sẹ́mínárì, kí a dá ti katikíìsì pẹ̀lú. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà.

Ẹ̀yin Fadá wa àti ẹ̀yin ìgbìmọ̀ páríìṣì, ẹ jọ̀wọ́, kí ẹ tó ṣírò owó ìkórè ọdún yìí, ẹ bi katikíìsì yín léèrè ìgbà tí ó kẹ́kọ̀ọ́ kẹ́yìn, àti ohun tí ìdílé rẹ̀ ń jẹ. Kí Olúwa tí ó ni ìkórè ràn wá lọ́wọ́ láti tọ́jú àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀.