Gbé E Sílẹ̀, Bó Bá Tà Kí O Wá Gbowó

Àwọn ìyá wa ti mọ òwò yìí kí ṣọ́ọ̀bù onígíláàsì tó dé. Alárobọ̀ á lọ bá ọlọ́jà, á gbé ọjà láìsan kọ́bọ̀, ọlọ́jà á dá iye tirẹ̀ lé e, èyí tí alárobọ̀ bá rí lórí rẹ̀ ni èrè tirẹ̀. Kí ilẹ̀ tó ṣú, owó ọlọ́jà ti dé. Òwò yìí náà ni ọ̀gá káfíńtà Ìfọ́n-Ọ̀ṣun ń ṣe nígbà tó bá di àga àti tábìlì sẹ́yìn ọkọ̀, tó gbé e lọ sí Òṣogbo pé kí oníṣọ́ọ̀bù bá òun tà á. Ṣùgbọ́n àga kì í tà kí ilẹ̀ tó ṣú. Ó lè dúró oṣù mẹ́fà, kí eruku máa kún un.

Mi ò ní òwò náà kò dára. Ará àdúgbò ló mọ káfíńtà Ìfọ́n: ẹni tó fẹ́ gbéyàwó, ṣọ́ọ̀ṣì tó fẹ́ bẹ́ǹṣì. Àlejò tó wá wo ọdún Ọ̀ṣun ní oṣù kẹjọ, tó fẹ́ fojú rí igbó Ọ̀ṣun tí UNESCO fi sára ogún àgbáyé ní 2005, kò ní yà sí Ìfọ́n láti béèrè àpótí ìjókòó tí a fi ìrókò gbẹ́. Òṣogbo ló ti máa rí i, bí ẹnìkan bá gbé e síbẹ̀. Owó ilé, iná, ọmọ tó ń nu àga, káfíńtà kò san ọ̀kankan.

Oníṣọ́ọ̀bù náà ní ẹjọ́ tirẹ̀. Bẹ́ẹ̀dì kan ṣoṣo lè gba ìdajì yàrá. Igi tí kò gbẹ dénú, bí ọyẹ́ bá dé, á là, ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù á wọ́. Oníbàárà kò mọ káfíńtà, ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù ni yóò gbé ìbínú wá. Bó bá wá ní òun á mú ìdá 30 nínú 100, a kò lè pè é ní olójúkòkòrò.

Ibi tó ti ń dùn mí ni bí ọjà ṣe ń pẹ́ kó tó tà. Ká sọ pé àga kan tà ní 100,000 náírà. Ṣọ́ọ̀bù mú 30,000. Pákó, gọ́ọ̀mù, fánísì àti owó ọmọṣẹ́ ti gba 55,000. Ó ku 15,000 fún ọ̀gá. Bó bá tà lọ́sẹ̀ kejì, ó dára. Ṣùgbọ́n ní 2024, ọ̀wọ́ngógó ọjà ní Nàìjíríà kọjá ìdá 30 nínú 100. Bí àga bá fi oṣù mẹ́jọ dúró nírú ọdún bẹ́ẹ̀, pákó tuntun ni yóò gbé èyí tó pọ̀ jù nínú 15,000 náà lọ. Ẹni tó yáwó ra pákó ti jẹ gbèsè nìyẹn.

Bí iná bá jó ọjà ńkọ́? Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2025, nígbà tí ìjà ààlà ilẹ̀ le láàárín Ìfọ́n, Ìlobùú àti Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun, tí ìjọba ìpínlẹ̀ kéde kónílé-ó-gbélé, ilé jóná. Lásìkò bẹ́ẹ̀, ẹni tí àga rẹ̀ wà ní Òṣogbo ṣì ní nǹkan tó kù lọ́wọ́. Àmọ́ Òṣogbo náà lè jóná. Òfin títa ọjà tí a jogún lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ti 1893, sọ pé ẹni tó ni ọjà ló ni àdánù, àyàfi bí ẹ bá ti fẹnu kò sí nǹkan mìíràn. Bí oníṣọ́ọ̀bù bá kàn ń bá ọ tà á, tìrẹ ni títí ẹnìkan yóò fi rà á. Bó bá jẹ́ pé òun ló gbà á láti rà tàbí dá a padà, tí ọjọ́ tí ẹ dá sì kọjá láìdá a padà, ó ti di tirẹ̀, owó rẹ ló jẹ ọ́.

Lójú tèmi, àpótí ìjókòó, tábìlì kékeré àti iṣẹ́ ọnà ló yẹ fún ṣọ́ọ̀bù, nítorí wọ́n rọrùn láti gbé padà. Bẹ́ẹ̀dì àti kọ́bọ́ọ̀dù, kí ẹni tó fẹ́ ẹ san àsansílẹ̀ kí ayùn tó kan pákó.

Ẹ̀yin ọ̀gá wa, mo bẹ̀ yín, kí ọkọ̀ tó gbéra lọ sí Òṣogbo, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé, kí ẹ̀yin àti oníṣọ́ọ̀bù sì fọwọ́ sí i: iye tí yóò kàn yín, ọjọ́ tí ẹ máa wá gbé e bí kò bá tà, àti ẹni tó máa san án bó bá jóná.