Ẹ má jẹ gbèsè nítorí ìràwọ̀

Ẹ̀yin tí ẹ ń tọ́jú owó ra tẹlisíkópù, ẹ dúró ná. Àwọn onífídíò òkè òkun á ní ẹ kò lè ya ohun tó jìnnà lójú ọ̀run láìsí ẹ̀rọ olówó ńlá tó ń bá ìràwọ̀ yí. Polaris, ìràwọ̀ àríwá, ni wọ́n fi ń to ẹ̀rọ náà. Lọ́dọ̀ tiwọn, ó wà lókè dáadáa. Ní Ibereko, nǹkan bíi digirì 6 péré ló fi ga: kò tó ìkúùkù ọwọ́ tí a nà síwájú. Igi àgbọn kan ti tó láti bò ó. Ṣé nítorí ìyẹn la ó ṣe jẹ gbèsè?

Kámẹ́rà Canon 1100D tòkunbọ̀, lẹ́ǹsì 50mm f/1.8 àti tripod tí kì í mì ti tó. Ẹ jáde lóṣù kọkànlá, kí ọyẹ́ tó kó eruku dé. Ìṣẹ́jú àáyá 5 ni kí fọ́tò kọ̀ọ̀kan gbà, kí ìràwọ̀ má baà fà bí ìlà. Ẹ ya 200, kí ẹ fi DeepSkyStacker, tó jẹ́ ọ̀fẹ́, pa wọ́n pọ̀ di ẹyọ kan. Ìkùukùu Orion á yọ sí yín.

Wọ́n á ní fọ́tò wa kò lè dára tó tiwọn. Bóyá. Ṣùgbọ́n lóṣù kẹrin, ẹ kọjú sí òkun: Omega Centauri wà lókè rẹ̀, ará London kò sì lè rí i láéláé láti ilé rẹ̀.

Ẹni tó bá ní òun á kọ́kọ́ fi ọdún 4 tọ́jú owó, iná Èkó lè ti bá a dé Ibereko.