Bóòtù Tó Yẹ Kó Kán, Ẹ Jẹ́ Kó Kán

Koríko kì í sinmi ní Warri. Òjò tó ń rọ̀ síbẹ̀ lọ́dún lé ní 2,500 mìlímítà, ó tó ìlọ́po méjì èyí tí Ìbàdàn ń rí, nítorí náà koríko tí wọ́n gé mọ́lẹ̀ nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀ lè ti bo ènìyàn mọ́lẹ̀ kí òjò tó dá. Ẹ̀ẹ̀sún wà níbẹ̀, igbó tí àwọn àgbẹ̀ wa sọ lórúkọ Akíntọ́lá náà wà níbẹ̀ (olóṣèlú ti lọ tipẹ́, igbó kò lọ). Ojú ọ̀nà páìpù gáàsì tó lọ láti Escravos sí Èkó, ẹ̀gbẹ́ ojú irin Ìtakpé sí Warri, pápákọ̀ òfurufú Osubi, oko ọ̀pẹ àti oko rọ́bà tó wà lápá Sapele, kò sí èyí tí a lè gbójú kúrò lára rẹ̀ fún oṣù mẹ́ta. Àdá ló ṣì ń ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ gígé náà, pàápàá níbi tí omi bá dúró sí. Ṣùgbọ́n níbi tí ilẹ̀ bá ti tẹ́jú tó sì gbẹ, katakata ló yẹ iṣẹ́ náà, pẹ̀lú ẹ̀rọ ìgégbó tó ń fà lẹ́yìn, èyí tí àwọn awakọ̀ rẹ̀ ń pè ní slasher. Bóòtù kan wà lára slasher yìí tí kò gùn ju ìka ọwọ́ lọ. Nígbà tó bá kán, ohun tó máa ń wá sí ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́kàn ni kí wọ́n wá èyí tó le jù ú lọ fi sí i. Èrò yẹn ló ń sọ ẹ̀rọ olówó ńlá di àlòkù irin, kì í sì í ṣe awakọ̀ nìkan ló jẹ̀bi rẹ̀. Ẹni tó ra ẹ̀rọ àti ẹni tó gbé iṣẹ́ síta ló jẹ̀bi jù.

Bí ẹ̀rọ náà ṣe ń ṣiṣẹ́ kò ṣòro láti yé. Ọ̀pá kan ń yọ lẹ́yìn katakata tí wọ́n ń pè ní PTO, èyí tó wọ́pọ̀ jù sì ń yí ní ìgbà 540 ní ìṣẹ́jú kan. Ó ń gbé agbára wọ inú gíábọ́ọ̀sì tó wà lórí slasher, gíà á darí agbára náà sísàlẹ̀, á fi kún eré rẹ̀, á sì gbé e fún àwọn ọ̀bẹ wíwúwo tó ń fì lábẹ́ irin. Bí ọ̀bẹ bá ń yí ní ìgbà 800 ní ìṣẹ́jú kan, tí ibi tó ń gé sì fẹ̀ tó mítà kan ààbọ̀, ṣónṣó ọ̀bẹ náà ń sáré ju 220 kìlómítà lọ ní wákàtí kan. Kí nǹkan tó ń sáré báyẹn wá pàdé kùkùté rọ́bà tí koríko ti bò mọ́lẹ̀! Agbára tó wà nínú ọ̀bẹ àti èyí tí ẹ́ńjìnnì ń tì bọ̀ láti ẹ̀yìn kò ní pòórá, ó gbọ́dọ̀ ríbi yà sí. Àwọn tó ṣe ẹ̀rọ náà ti wá ibi tí yóò yà sí sílẹ̀ fún un. Wọ́n fi bóòtù kan, tí wọ́n ń pè ní shear bolt, so ọ̀pá PTO mọ́ ọ̀pá gíà, wọ́n sì dìídì ṣe é kó jẹ́ òun ni kò lágbára jù nínú gbogbo irin tó wà lójú ọ̀nà agbára náà. Tó bá kán, ọ̀pá á máa yí lásán, gíà á dúró, ohun tó sì bàjẹ́ kò ju bóòtù kan lọ. Iṣẹ́ fúùsì iná ni, gbogbo wa sì mọ ohun tó lè ṣẹlẹ̀ nínú ilé tí wọ́n ti yọ fúùsì, tí wọ́n fi wáyà nínípọn dí àyè rẹ̀.

Àwọn tó ń rọ́pò bóòtù yìí kì í sábà mọ bí ohun tí wọ́n ṣe ti tó, nítorí bóòtù méjì lè dọ́gba ní gígùn àti ní nínípọn kí wọ́n má sì jọ ara wọn rárá. Orí bóòtù ni ìwé ẹ̀rí rẹ̀ wà. Lára èyí tí wọ́n fi mìlímítà wọ̀n, ẹ óò rí 4.6, tàbí 8.8, tàbí 10.9; nọ́ńbà tó ṣáájú ló ń sọ bí yóò ṣe fa tó kó tó já. Nítorí náà 8.8 lágbára tó 4.6 lọ́nà méjì, 10.9 sì tó o lọ́nà méjì ààbọ̀. Lára èyí tí wọ́n fi íǹṣì wọ̀n, ilà ni wọ́n ń kọ sórí rẹ̀: kò sí ilà lórí Grade 2, ilà mẹ́ta ló wà lórí Grade 5, mẹ́fà lórí Grade 8. Ẹ wá fi ọ̀rọ̀ nínípọn kún un. Ẹni tó lu ihò náà gbòòrò kó lè gba bóòtù 12 mìlímítà dípò 10 ti fi ìdá mẹ́rìnlélógójì nínú ọgọ́rùn-ún kún irin tó gbọ́dọ̀ gé kí ààbò tó ṣiṣẹ́. Bí bóòtù 12 náà bá tún jẹ́ 8.8, nígbà tí ìwé ẹ̀rọ ní kí wọ́n lo 10 tó jẹ́ 4.6, agbára tí yóò gbà kó tó kán ti sún mọ́ ìlọ́po mẹ́ta. Kùkùté kò yí padà, gíà kò yí padà, ìlọ́po mẹ́ta ìyà ni wọ́n fẹ́ kí eyín gíà jẹ kí bóòtù má baà kán.

Warri tún ní ìṣòro tirẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí, nítorí ìlú epo ni. Láti ìgbà tí iléeṣẹ́ ìfọpo ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbẹ̀ lọ́dún 1978, ọ̀pọ̀ ọwọ́ tó mọ irin dunjú ní Warri àti Effurun ló kọ́ṣẹ́ lórí páìpù àti fláńjì, níbi tí bóòtù tó bá kán ti lè dá iná sílẹ̀. Bóòtù B7 tí wọ́n ń lò níbẹ̀ le ju 4.6 lọ ní ìlọ́po méjì àti díẹ̀, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí kò gbọ́dọ̀ kán láéláé. Ẹni tó bá ti fi ogún ọdún di irú bóòtù bẹ́ẹ̀, tí ẹ wá gbé bóòtù rírọ̀ lé e lọ́wọ́, yóò rò pé ayédèrú ni. Ẹ kò lè bá a jà. Ṣùgbọ́n ìlú kan náà ni ìlú odò, àwọn ará odò sì mọ ẹ̀kọ́ kejì. Àwọn ẹ́ńjìnnì ojú omi kéékèèké àtijọ́ ní písì irin tín-ín-rín kan tó di pùròpẹ́là mú. Bí pùròpẹ́là bá gbá igi abẹ́ omi, písì yẹn ni yóò gé, awakọ̀ á fi òmíràn sí i, á máa bá tirẹ̀ lọ. Lára àwọn ńláńlá òde òní, rọ́bà tó wà nínú ìdí pùròpẹ́là ló ń yọ̀ láti gba ìyà náà. Ẹni tó fi ìṣó líle dípò písì rírọ̀ yóò fi àjẹ̀ wa ọkọ̀ délé lọ́jọ́ tí gíà bá túká. Kò sí ẹni tó máa sọ fún ọlọ́kọ̀ ojú omi pé agbára písì ni iyì rẹ̀, kí ló dé tí a fi ń sọ ọ́ fún ọlọ́kọ̀ katakata?

Àwọn tó ń fi bóòtù líle sí i kì í ṣe òmùgọ̀, èsì wọn sì yẹ ní gbígbọ́. Èkíní ni pé bóòtù rírọ̀ ń kán jù, owó iṣẹ́ sì jẹ́ ti iye ilẹ̀ tí awakọ̀ bá gé. Ẹni tó bá ń dúró lẹ́ẹ̀mẹ́rin lóòjọ́ láti pààrọ̀ bóòtù ń jẹ gbèsè. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n bóòtù tó ń kán lemọ́lemọ́ ń sọ nǹkan kan, ẹni tó bá fi èyí tó le rọ́pò rẹ̀ ti pa á lẹ́nu mọ́ ni. Ẹ mú èyí tó kán náà wò dáadáa. Lára ẹ̀rọ tí bóòtù rẹ̀ gba inú ọ̀pá já, ojú méjì ló máa ń gé, á sì di ègé mẹ́ta: orí, ìdí, àti ègé àárín tó há sínú ọ̀pá. Bí ojú ibi tó gé bá mọ́ tó sì ń dán, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ kùkùté ló gbá, ó sì ti ṣiṣẹ́ rẹ̀. Bí ara rẹ̀ bá ti jẹ, tó ní àmì bíi pé nǹkan ń gé e jẹ díẹ̀díẹ̀, ẹ wo ihò. Ẹ lè rí i pé kò rí roboto mọ́, ó ti fẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, bóòtù kò sì dúró gírígírí nínú rẹ̀, lílu tó ń lù ú lójoojúmọ́ ló pa á. Bí ó bá jẹ́ apá tí wọ́n gé ojú nọ́ọ̀tì sí ló kán, ẹni tó rà á ló ra èyí tí ara dídán rẹ̀ kò gùn tó. Nígbà míì ọ̀bẹ ló ti kú, tó ń lu igi dípò kó gé e. Nígbà míì ẹ̀wẹ̀, awakọ̀ ló ń tẹ ẹ́ńjìnnì dé òkè pátápátá kó tó so PTO, tí gbogbo ìwúwo ọ̀bẹ sì já lu bóòtù lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tó bá rọra so ó nígbà tí ẹ́ńjìnnì ṣì ń mí jẹ́jẹ́, kó tó wá gbé e sókè, yóò pẹ́ kó tó ra bóòtù. Kò sí ọ̀kankan nínú gbogbo èyí tí bóòtù 10.9 lè wò sàn.

Pípààrọ̀ rẹ̀ gan-an kò le tó bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́. Kí awakọ̀ pa ẹ́ńjìnnì, kó yọ kọ́kọ́rọ́ sápò, kó sì dúró títí ọ̀bẹ yóò fi dákẹ́, nítorí ọ̀bẹ wíwúwo ṣì máa ń yí fún ìgbà díẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ́ńjìnnì ti kú. Kó sọ slasher kalẹ̀ pátápátá. Bó bá pọn dandan kó gbé e sókè, kó fi igi nínípọn tì í nísàlẹ̀, kó má fọkàn tán ọwọ́ katakata tó ń fi ọ́ìlì gbé e. Kó fi pọ́ǹṣì àti òòlù lé ègé àárín jáde, kó fọwọ́ yí orí ọ̀pá PTO lórí ọ̀pá gíà kó tó fi tuntun sí i. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà nìyí, ó sì burú ní ilẹ̀ olómi bíi ti Warri: bí ìpẹtà bá ti lẹ orí ọ̀pá mọ́ ọ̀pá gíà, bóòtù lè kán kí ọ̀bẹ sì máa yí lọ, ààbò ti di orúkọ lásán. Gírísì ló ń gbà á sílẹ̀. Kó tó gun katakata padà, kó wo ohun tó fa kíkán náà nínú koríko, kó má baà padà lọ gbá kùkùté kan náà.

Èsì kejì ni pé bóòtù tó tọ́ kò sí lọ́jà. Kí a tó rí erin, ó digbó. Kí a tó rí bóòtù 4.6 ní ìsọ̀ kan tí wọ́n ti da gbogbo rẹ̀ pọ̀ sínú ike kan, tí wọ́n ń tà á ní gígùn àti ní nínípọn nìkan, ojú á ti pọ́n ni. Mo gbà. Síbẹ̀, àwọn kan ń ti ibẹ̀ lọ gé irin ìkọ́lé, tí wọ́n ń bá jórinjórin sọ̀rọ̀ kó jó orí mọ́ ọn, èyí ló sì burú jù nínú gbogbo rẹ̀, nítorí kò sí ẹni tó lè sọ ìgbà tí irú irin bẹ́ẹ̀ yóò kán, bóyá ó le jù tàbí ó rọ̀ jù. Òkodoro rẹ̀ ni pé ohun tí ẹnikẹ́ni kì í béèrè ni ọlọ́jà kì í tà. Bí àwọn tó ń ra ọgọ́rùn-ún lẹ́ẹ̀kan bá bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè pé kí wọ́n fi nọ́ńbà orí rẹ̀ han àwọn, ike méjì yóò dé orí tábìlì láìpẹ́. Kí n sì fi èyí kún un, kí ẹnikẹ́ni má baà ṣì mí gbọ́: kì í ṣe pé bóòtù tó rọ̀ jù ló dára fún gbogbo ẹ̀rọ. Slasher míì wà tí ìwé rẹ̀ ní Grade 5 ni kí wọ́n lò. Ohun tí ìwé ẹ̀rọ náà sọ ni àṣẹ.

Àwọn kan á ní kí a kúkú ra slasher tó ń lo kílọ́ọ̀ṣì, èyí tó ń yọ̀ nígbà tó bá pàdé ohun líle, tí kò ní bóòtù tí a ń pààrọ̀. Ó dára níbi tí wọ́n bá ti ń tọ́jú rẹ̀. Ṣùgbọ́n kílọ́ọ̀ṣì tí wọ́n gbé kalẹ̀ lábẹ́ òjò láti ìparí iṣẹ́ kan di òmíràn yóò pẹtà pọ̀ bí irin kan ṣoṣo. Wọ́n gbọ́dọ̀ tú u díẹ̀, kí wọ́n jẹ́ kó yọ̀, kí wọ́n tún un dì, kó tó padà sẹ́nu iṣẹ́. Ibi tí wọn kò ti lè ra bóòtù tó tọ́, n kò rò pé wọ́n máa rántí ṣe ìyẹn. Àwọn tó sì ń sọ pé àwọn ti fi bóòtù líle ṣiṣẹ́ fún ọdún kan láìsí wàhálà, kí wọ́n tú gíábọ́ọ̀sì wò. Eyín gíà kì í kán lọ́jọ́ kan. Ó ń sán díẹ̀díẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí bóòtù bá kọ̀ láti kán.

Ní oṣù kẹfà ọdún 2025, Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú ṣí ètò katakata 2,000 tí wọ́n kó wá láti Belarus, pẹ̀lú àwọn irinṣẹ́ tó ń tẹ̀lé wọn. A ti gba katakata rí ní orílẹ̀-èdè yìí, a sì mọ bí ọgbà àwọn iléeṣẹ́ ìjọba ṣe ń rí lẹ́yìn ọdún díẹ̀: ẹ̀rọ ńlá tó dúró sójú kan, tí koríko tó yẹ kó gé ti hù gba inú táyà rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nǹkan ló ń fà á, kì í ṣe bóòtù nìkan. Ṣùgbọ́n bóòtù ni èyí tí owó rẹ̀ kéré jù láti tún ṣe. Ojú irin Ìtakpé sí Warri gùn tó nǹkan bíi kìlómítà 327. Awakọ̀ tó bá ń gé koríko lẹ́bàá rẹ̀, tí bóòtù rẹ̀ kán ní àárín igbó, ohun tó wà nínú àpótí sípánà rẹ̀ ni yóò lò, ẹni tó gbéṣẹ́ fún un ló sì ń pinnu ohun tó wà nínú àpótí náà. Nítorí náà ẹ jẹ́ kí ìjọba ìbílẹ̀ Uvwie àti Warri South, àwọn tó ń bójú tó ojú irin, àti àwọn iléeṣẹ́ tó ni páìpù kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn: orúkọ slasher, nínípọn bóòtù rẹ̀, nọ́ńbà tó gbọ́dọ̀ wà lórí rẹ̀, àti iye tí agbaṣẹ́ṣe gbọ́dọ̀ ní lọ́wọ́ kó tó wọ oko. Kí wọ́n san owó bóòtù náà lọ́tọ̀, kí awakọ̀ má baà máa yọ ọ́ nínú owó oúnjẹ rẹ̀. Kí ẹni tí wọ́n bá rán wá ṣàyẹ̀wò iṣẹ́ sì wo bóòtù tó wà lára ẹ̀rọ kó tó wo koríko tó wà nílẹ̀.