Àmì Ohùn Kọ́ Ló Ń Fà Wá Sẹ́yìn

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi kan ń kó ọ̀rọ̀ jọ sínú dátábéèsì PostgreSQL fún ìwé atúmọ̀ èdè. Bí wọ́n bá tẹ “igb”, ó máa ń pẹ́ kí ọ̀rọ̀ tó jáde. Ni ẹnìkan bá gbà wọ́n nímọ̀ràn pé kí wọ́n kúkú yọ gbogbo àmì ohùn dànù. N kò fara mọ́ ọn rárá. Kí ni yóò ya igba tí a ń kà, igbá tí a fi ń bu omi àti ìgbà tí ń kọjá lọ sọ́tọ̀?

Ohun tí ó ń fa ìjáfara ni pé kọ̀ǹpútà ń yẹ gbogbo ìlà wò, bí ẹni tí ó ń ka ìwé atúmọ̀ Abraham ti ọdún 1958 láti ojú ìwé kìn-ín-ní nítorí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Atọ́ka B-tree ni yóò gbé e dé “igb” tààrà. Ṣùgbọ́n bí dátábéèsì bá ń to ọ̀rọ̀ ní ìlànà èdè kan, tí kì í ṣe ní ìlànà “C”, atọ́ka lásán kò wúlò fún LIKE 'igb%'. Àfi kí a fi text_pattern_ops ṣe é. Ọ̀pọ̀ kò mọ èyí, wọ́n á wá di ẹ̀bi ru àmì ohùn.

Òpó méjì ni kí a ní. Kí èkíní pa ọ̀rọ̀ mọ́ tàmì-tàmì. Kí èkejì gbé e ní ìhòòhò, òun ni kí a ṣe atọ́ka sí. Ẹni tí kò rí àmì tẹ̀ yóò tẹ “igba”, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yóò sì jáde pẹ̀lú ohùn wọn. Kí a kọ́kọ́ sọ ìkọsílẹ̀ di ọ̀kan náà o: ọ̀nà mẹ́rin ni a lè gbà kọ “ọ́” nínú Unicode, ojú kò sì lè dá wọn mọ̀. Iṣẹ́ normalize nìyẹn, ó ti wà láti ẹ̀dà 13 ti ọdún 2020.

Ó ku ti àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ̀kọ́ àti olùkọ́ kò bẹ̀rẹ̀ bákan náà, ìparí ni wọ́n ti jọra, atọ́ka wa kò sì ran '%ko' lọ́wọ́. Ẹ fi reverse yí ọ̀rọ̀ òpó kejì padà sínú òpó kẹta, kí ẹ wá 'ok%' níbẹ̀. Èkó náà yóò bá wọn jáde, kò burú. Akẹ́kọ̀ọ́ gan-an ni kò ní jáde, nítorí fáwẹ́lì gígùn ìparí rẹ̀. Ẹni tí ó bá rí ọgbọ́n dá sí i, kí ó jọ̀wọ́ kọ ọ́ ránṣẹ́ sí mi.