Abẹ Tí í Gba Ọmọ Là

Aró dára lára àdìrẹ Ìtòkú, ṣùgbọ́n kò dára ní ètè ọmọ ọwọ́. Àrùn ọkàn ni ó máa ń fa irú èyí nígbà púpọ̀. Ọmọ bẹ́ẹ̀, bí ó bá dàgbà díẹ̀, a sáré fún ìṣẹ́jú kan, a sì lóṣòó kí ó tó lè mí. Láyé àtijọ́, wọn a lè pè é ní àbíkú; bí ó bá sì kú, wọn a fi abẹ ṣá òkú rẹ̀ kí ó má bàa padà wá. Èmi kò bá wọn wí: ta ni ìbá rí inú ọkàn?

Ní ọdún 1944, ní Baltimore ní Amẹ́ríkà, Alfred Blalock so iṣan ẹ̀jẹ̀ apá ọmọ kan mọ́ ti ẹ̀dọ̀fóró, kí ẹ̀jẹ̀ lè rí afẹ́fẹ́ gbà. Vivien Thomas, adúláwọ̀ tí kò kàwé dókítà, ni ó dúró lẹ́yìn rẹ̀ tí ó ń tọ́ ọ sọ́nà. Ní ọdún 1974, a ṣe iṣẹ́ abẹ inú ọkàn fún ìgbà àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, ní Enúgù.

Síbẹ̀, oníṣẹ́ abẹ kò lè wo ọmọ tí a kò gbé wá. Lójú tèmi, agbẹ̀bí tàbí nọ́ọ̀sì tí ó kọ́kọ́ fi etí sí àyà ọmọ, ìbáà ṣe ní Lántòrò tàbí ní abúlé Ẹ̀gbá kan, ni ó yẹ kí a kọ́ dáadáa ṣáájú. Lẹ́yìn náà ni kí a wá sọ ti owó, èyí tí agbára ọ̀pọ̀ òbí kò ká.