Ọkọ̀ Ẹni Tí A Ṣẹ́gun

Ní ọjọ́ kejì oṣù Kejìlá ọdún 1949, àwọn ológun ojú omi ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wọ́ ọkọ̀ ogun àtijọ́ kan jáde kúrò ní èbúté Portsmouth. Wọ́n wọ́ ọ kọjá erékùṣù Wight, wọ́n di ohun abúgbàù sí inú rẹ̀, wọ́n sì rì í sínú òkun. Ọkọ̀ náà kò ṣẹ̀ wọ́n, ọ̀tá kankan kò sì fẹ́ gbà á lọ́wọ́ wọn. Ó gbó ni, owó tí wọn yóò fi tún un ṣe sì pọ̀ lójú wọn. Bí ó ti ń lọ sí ibi ikú rẹ̀, wọ́n ta àsíá méjì sí i lára, ti Gẹ̀ẹ́sì àti ti Faransé, ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Ẹni tí ó mọ iyì òkú tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi aṣọ méjì bò ó, kí ló dé tí kò jẹ́ kí ó wà láàyè? Nígbà tí ohun abúgbàù náà dún, ìsàlẹ̀ ọkọ̀ já, ṣùgbọ́n òkè rẹ̀ kọ̀, kò tètè rì.

Implacable ni Gẹ̀ẹ́sì ń pè é. Orúkọ àbísọ rẹ̀ ni Duguay-Trouin. Ìlú Rochefort ní ilẹ̀ Faransé ni wọ́n ti kàn án, ọdún 1800 ni wọ́n sọ ọ́ sómi, àgbá 74 ni wọ́n sì kàn án láti máa rù. Ohun tí ó mú kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ máa dùn mí títí di òní ni pé ó wà lójú ogun Trafalgar.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ogun náà ní ṣókí. Ní ọjọ́ kọkànlélógún oṣù Kẹwàá ọdún 1805, ọkọ̀ ogun ńláńlá 27 ti Gẹ̀ẹ́sì pàdé 33 ti Faransé àti Sípéènì lójú òkun, nítòsí ìlú Cádiz. Nelson ni olórí ogun Gẹ̀ẹ́sì. Villeneuve ni olórí ti apá kejì. Àṣà ogun ojú omi nígbà náà ni pé kí ọkọ̀ apá méjèèjì tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́, kí wọ́n kọ ẹ̀gbẹ́ sí ara wọn, kí wọ́n máa yìn àgbá lu ara wọn. Nelson kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó pín ọkọ̀ rẹ̀ sí ọ̀wọ́ méjì, ó sì darí wọn wọ àárín ọ̀wọ́ ọ̀tá bí ẹni fi èèkàn gún ògiri amọ̀. Afẹ́fẹ́ kò lágbára lọ́jọ́ náà, àwọn ọkọ̀ tí ó wà níwájú ọ̀wọ́ Faransé kò sì rí ọ̀nà yí padà kíákíá láti gba àwọn ẹgbẹ́ wọn sílẹ̀. Duguay-Trouin wà lára àwọn wọ̀nyí, lábẹ́ ọ̀gágun Dumanoir. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ọkọ̀ 18 ti bọ́ lọ́wọ́ Faransé àti Sípéènì. Gẹ̀ẹ́sì kò pàdánù ẹyọ kan. Ṣùgbọ́n ìbọn tí wọ́n yìn láti orí ọkọ̀ Redoutable ti ba Nelson, ó sì kú ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà nínú ọkọ̀ rẹ̀, Victory. Ìjì tí ó tẹ̀ lé ogun náà rì púpọ̀ nínú àwọn ọkọ̀ tí wọ́n kó lẹ́rú.

Duguay-Trouin àti mẹ́ta mìíràn sá àsálà. Wọn kò sá jìnnà. Ní ọjọ́ kẹrin oṣù Kọkànlá, Strachan lé wọn bá nítòsí Cape Ortegal, ó sì mú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Bí ọkọ̀ Faransé ṣe di ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì nìyẹn. Ó jagun fún àwọn tí ó mú un, ó sì di ibi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọmọdékùnrin ní iṣẹ́ ọkọ̀ lẹ́yìn náà. Ó ju ogóje ọdún lọ tí ó fi sìn wọ́n kí wọ́n tó san án lẹ́san báyìí.

Victory ńkọ́? Victory wà ní Portsmouth títí di òní. Ọdún 1922 ni wọ́n gbé e wọ inú kòtò olókùúta tí omi kò sí nínú rẹ̀, wọ́n sì tún un ṣe kí ó lè rí bí ó ti rí ní 1805. N kò ṣe ìlara rẹ̀. Mo mọ ìyà tí àwọn tí ń tọ́jú rẹ̀ ń jẹ. Ọkọ̀ tí a kàn fún omi, omi ni ó ń gbé ìwúwo rẹ̀ láti ìhà gbogbo. Bí a bá gbé e kalẹ̀ sórí ilẹ̀, ìwúwo ara rẹ̀ ni yóò máa fà á ya. Òjò ń wọ inú igi óákù náà, kòkòrò ń jẹ ẹ́. Púpọ̀ nínú igi tí ó wà lára rẹ̀ lónìí kì í ṣe igi tí ó rí ogun. Ní ọdún 2022 wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe kan tí wọ́n wéwèé fún ọdún mẹ́wàá, tí yóò sì jẹ ọ̀kẹ́ àìmọye owó. Wọ́n ń ná an, wọn kò sì ráhùn.

Àwọn kan yóò sọ pé ọ̀kan tó. Èmi kò gbà. Victory nìkan kì í ṣe ogun Trafalgar. Ìdájì rẹ̀ ni, ìdájì tí ó dùn ún sọ. Ẹni tí ó bá gun orí rẹ̀ yóò rí ibi tí Nelson ṣubú sí, inú rẹ̀ yóò bàjẹ́ fún Nelson, yóò sì lọ sílé. Ta ni yóò ronú nípa àwọn tí àgbá Victory ń já bọ́ lù? Àwọn àgbà wa ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Bí ọkọ̀ méjèèjì bá dúró sí èbúté kan náà, ọmọdé tí ó bá jáde nínú èkíní tí ó sì wọ èkejì yóò rí i pé bákan náà ni àjà wọn ṣe kúrú, pé ẹ̀gbẹ́ àgbá kan náà ni àwọn atukọ̀ Faransé àti ti Gẹ̀ẹ́sì ti ń jẹun tí wọ́n sì ń sùn. Ìwé kò lè kọ́ ọ ní ẹ̀kọ́ náà tó bẹ́ẹ̀.

Wọ́n ní owó kò sí. Òtítọ́ ni. Ogun Hitler ṣẹ̀ṣẹ̀ parí, wọ́n ṣì ń fi ìwọ̀n pín oúnjẹ fún ará ìlú ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì títí di 1954, ebi kì í sì í jẹ́ kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọlé. Ṣùgbọ́n bí a bá ń sunkún, à máa ń ríran. Owó kan náà tí kò sí fún Implacable kò tán fún Victory. Faransé pàápàá kò mọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí: wọ́n fi ọkọ̀ náà lọ̀ wọ́n, wọ́n ní àwọn kò gbà á. Mo fura pé kì í ṣe owó nìkan ni wọ́n rò. Ta ni ń fẹ́ ra ìtìjú rẹ̀ padà?

Ẹ wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Jàpáàn. Ọkọ̀ Mikasa ni Tógò Heihachirō wọ̀ nígbà tí ó fọ́ ọkọ̀ ogun Rọ́ṣíà túútúú ní Tsushima, ní oṣù Karùn-ún ọdún 1905. Wọ́n tọ́jú rẹ̀ sí Yokosuka. Nígbà tí Amẹ́ríkà ṣẹ́gun Jàpáàn ní 1945, wọ́n tú àgbá rẹ̀ kúrò, orí ọkọ̀ náà sì di ibi tí àwọn ènìyàn ti ń jó. Ta ni ó wá wà lára àwọn tí ó gbèjà rẹ̀? Chester Nimitz ni, ọ̀gágun ojú omi Amẹ́ríkà tí òun fúnra rẹ̀ bá Jàpáàn jà. Ó kọ̀wé, ó sì ṣèrànwọ́ títí wọ́n fi tún ọkọ̀ náà ṣe tán ní 1961. Ẹni tí ó ṣẹ́gun ni ó ní kí ọkọ̀ ẹni tí òun ṣẹ́gun má parun. Ohun tí mo ń bèèrè lọ́wọ́ àwọn ará 1949 kò ju agbára ènìyàn lọ.

Mo mọ̀ pé ẹnìkan yóò bi mí pé kí ló kan Yorùbá nínú igi tí Gẹ̀ẹ́sì rì. Ó kàn wá. Lẹ́yìn Trafalgar, kò sí ẹni tí ó tún lè dá Gẹ̀ẹ́sì dúró lójú òkun. Ọkọ̀ ogun wọn, Myrmidon, ni ó gba Àjàyí, tí a wá mọ̀ sí Crowther, lọ́wọ́ àwọn olówò ẹrú ní 1822. Ọkọ̀ ogun wọn náà ni ó fọ́ Èkó ní oṣù Kejìlá 1851, nígbà tí wọ́n lé Kòsọ́kọ́ tí wọ́n sì dá Akítóyè padà sórí oyè. Ogun Àhóyaya ni àwọn ará Èkó sọ ọ́, nítorí bí àgbá ṣe ń hó. Àwọn ènìyàn Kòsọ́kọ́ kò fi ọwọ́ lẹ́rán o. Bloodhound àti Teaser gúnlẹ̀ sínú ọ̀sà lábẹ́ ìbọn wọn. Ṣùgbọ́n bí mo bá fẹ́ mọ bí ìbọn náà ṣe ró, ọ̀dọ̀ ta ni mò ń lọ? Ọ̀dọ̀ àwọn ọ̀gá ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n kọ ọ́ ránṣẹ́ sílé. Ẹni tí ó ti ka ogun ìlú rẹ̀ láti ẹnu ẹni tí ó jó o níná mọ ohun tí ó sọnù nígbà tí ọkọ̀ Faransé yẹn wọ ìsàlẹ̀ òkun.

Ariwo tí ó tẹ̀ lé e kò jẹ́ kékeré. Nígbà tí wọ́n dá ẹgbẹ́ World Ship Trust sílẹ̀ ní 1979, orúkọ Implacable ni wọ́n fi ṣe ìkìlọ̀ fún ara wọn pé irú rẹ̀ kò gbọdọ̀ ṣẹlẹ̀ mọ́. Ó ti pẹ́ fún òun. Ère tí ó wà níwájú rẹ̀ àti ọ̀ṣọ́ ìdí rẹ̀ wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ní Greenwich. Ẹ̀rọ onígi tí àwọn atukọ̀ rẹ̀ fi ń ká okùn ìdákọ̀ró ti padà sí Rochefort, níbi tí wọ́n ti bí i. Ìyókù wà nínú iyọ̀.