Kí ẹ tó da Stardust yín sẹ́nu Pokémon kan, ẹ gbọ́ tèmi ná

1. Ẹ̀yin èèyàn mi tẹ́ ẹ ń ṣe Pokémon GO, ẹ súnmọ́ bí. Ojoojúmọ́ lẹ ń bi mí nínú DM pé, "Ẹ̀gbọ́n, èwo ni kí n power up?" Ẹ jẹ́ kí n dáhùn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí n sì jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ tèmi náà. Ọ̀rọ̀ yìí ò ní dùn mọ́ àwọn tó ń bọ CP o.

2. Slaking ni mo kọ́kọ́ náwó nára lé lórí. Mo rí CP ẹ̀ tó ń lé ní 4,000, orí mi wú. Láti level 20 dé level 40, 225,000 Stardust ni Pokémon kan ń jẹ. Tẹ́ ẹ bá mú èyí tó wọ́pọ̀ ní ìgboro, 100 péré ni wọ́n ń fún yín. Ẹ ṣírò ẹ̀: ó lé ní ẹgbẹ̀rún méjì tẹ́ ẹ máa mú! Nínú oòrùn, pẹ̀lú dátà tí mo fowó oúnjẹ rà.

3. Kí ni mi ò wò? Mi ò wo ohun tó lè fi jà. Yawn nìkan ni fast move tó ní nígbà yẹn, Yawn ò sì dá nǹkan kan sí ọ̀tá lára. Ọ̀gbẹ́ni dúró síwájú ọ̀tá, ó ń yán bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ iyán tán lọ́sàn-án gangan.

4. Ọjọ́ tó dùn mí jù: Tyranitar wá raid nítòsí wa n'Ìbàdàn. Àwa mẹ́rin péré la máa ń pàdé, àwọn méjì ò wá lọ́jọ́ náà. Ó ku èmi àti ọmọ àǹtí mi, ọmọ ọdún 14, tó wọkọ̀ wá torí ó ti pẹ́ tó ti ń wá Tyranitar. Òun kó Machamp wá. Èmi kó Slaking àti àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ tí CP wọn ga.

5. Ìṣẹ́jú mẹ́ta ni wọ́n ń fúnni. A jà á lẹ́ẹ̀mẹta, àkókò ń tán mọ́ wa lọ́wọ́, títí raid fi kásẹ̀ nílẹ̀. Ọmọ náà ò bú mi. Ó kàn ní, "Ẹ̀gbọ́n, ó kù díẹ̀ náà ni." Ó wọkọ̀ padà sílé lọ́wọ́ òfo. Èmi mọ̀ pé ẹ̀bi mi ni.

6. Torí náà, ìbéèrè kìíní: iṣẹ́ wo lẹ fẹ́ kó ṣe? Rock àti Dark ni Tyranitar, Fighting sì ń bá méjèèjì jà lájàṣẹ́gun. Machamp tí CP ẹ̀ kéré sí ti Slaking máa ṣe é léṣe jù ú lọ. Bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ.

7. Tó bá jẹ́ Great League lẹ fẹ́ lọ, 1,500 ni òpin CP níbẹ̀. Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́. Attack ló ń tètè gbé CP sókè, nítorí náà èyí tí attack IV ẹ̀ kéré, tí defense àti HP ẹ̀ pọ̀, ló sábà máa ń pẹ́ lójú ìjà. Azumarill tẹ́ ẹ fẹ́ transfer torí pé kì í ṣe 15/15/15 yẹn, ẹ fi í sílẹ̀ jàre.

8. Ìbéèrè kejì: ṣé ẹ lè bọ́ ọ yó? Yàtọ̀ sí Stardust, level 20 sí 40 tún ń jẹ 248 candy. Machop lè jáde sí yín lójú ọ̀nà. Candy legendary ńkọ́? Inú raid ló wà jù, raid yẹn sì ń fẹ́ èrò. Ẹni tí ò lérò ládùúgbò á máa ra Remote Raid Pass, wọ́n sì ti fowó lé e láti April 2023. Gym tẹ́ ẹ bá ṣọ́ láti àárọ̀ dalẹ́, 50 coin ni òpin lójúmọ́.

9. Ibi tí àwọn tier list ti ń ṣì wá lọ́nà nìyí. Irọ́ kọ́ ni wọ́n ń pa. Àmọ́ ẹni tó ń rí ogún èèyàn nídìí gym kan ló bá wọn mu, kì í ṣe àwa mẹ́rin. Ẹ wo àdúgbò yín kẹ́ ẹ tó wo list.

10. Ìbéèrè kẹta: ṣé move ẹ̀ ti pé? Swampert tó ní Hydro Cannon àti èyí tí ò ní in kì í ṣe ẹgbẹ́. Ẹ má kánjú evolve, Community Day lè ń bọ̀. Tẹ́ ẹ bá sì fi Machoke ṣe pààrọ̀ pẹ̀lú ọ̀rẹ́ yín, ó máa di Machamp láìgba candy kankan. 100 candy lẹ dá sí yẹn.

11. Ẹ gbọ́ èyí dáadáa: level 20 sí 30, 75,000 Stardust ni. Level 30 sí 40, 150,000. Ohun tí mo fi bọ́ Slaking kan ṣoṣo ì bá gbé Machamp mẹ́ta dé level 30! Èyí ló ń ká mi lára jù.

12. Ẹnìkan á ní, "Géèmù lásán ni, ẹ jẹ́ ká bọ́ èyí tó wù wá." Òótọ́ ni. Mo ṣì fẹ́ràn Slaking mi, òun ni buddy mi, a jọ ń rìn kiri. Ìfẹ́ ò ní kẹ́ ẹ ná Stardust àkọ́kọ́ yín. Ẹ kọ́kọ́ bọ́ òṣìṣẹ́, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ wá kẹ́ àyànfẹ́.

13. Tyranitar padà wá lẹ́yìn oṣù díẹ̀. Àwa méjì náà la tún lọ, Machamp mẹ́fà-mẹ́fà lọ́wọ́ wa, èyí tó pọ̀ jù nínú tèmi ò kọjá level 30. A gbá a wọlẹ̀. Ọmọ náà mú un, ó fò sókè láàárín títì. Ọjọ́ yẹn ni mo san gbèsè mi.

Ó ti tó. Ẹ̀yin náà, Pokémon wo ló jẹ Stardust yín gbé? Ẹ jẹ́wọ́ nísàlẹ̀ níbí.